Ìwé èsì ìdánwò ọmọ yín: ohun tí ó ń sọ, ohun tí kò sọ, àti iṣẹ́ tí ó kù fún ilé

Nígbà tí sáà kẹta bá parí ní oṣù Keje, tí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì pín ìwé èsì fún àwọn ọmọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá gbé e fún, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń tajà ní ọjà Wàsóbíà tàbí òṣìṣẹ́ yunifásítì LAUTECH: “Ipò kelòó ni o gbé?” Bí ọmọ bá wà láàárín ipò kìn-ín-ní sí ìkẹta, wọn a ra mínírà tútù fún un, bí ó bá gbé ipò kejìdínlógún, ojú a le koko, wọn a sì bi í bóyá orí méjì ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ní. N kò sọ pé ipò kò wúlò rárá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé kò dáhùn ìbéèrè tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ bèèrè, èyíinì ni: kí ni ọmọ yìí lè dá ṣe báyìí tí kò lè dá ṣe nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹsàn-án?

Ẹ jẹ́ ká tú ìwé náà wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ìlà òòró mẹ́ta ni ó wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni máàkì tí olùkọ́ ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ àṣetiléwá, iṣẹ́ inú kíláàsì àti àwọn ìdánwò kéékèèké, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní C.A.; 40 ni ó sábà máa ń jẹ́. Èkejì ni ìdánwò ìparí sáà, tí ó jẹ́ 60. Ẹ̀kẹta ni àpapọ̀ méjèèjì nínú 100. Ìlà kẹta ni ojú àwọn òbí máa ń sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ àlàfo tí ó wà láàárín èkíní àti èkejì ni ó máa ń tú àṣírí. Ọmọ tí ó gba 35 nínú 40, tí ó wá gba 18 nínú 60, àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 53, wọn a sì ní ó yege. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tàbí pé ìwé ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ń wò kọ. Ọmọ kejì gba 12 nínú 40 àti 41 nínú 60. Òun náà ní 53, àmọ́ ó lè jẹ́ pé kì í dé ilé-ìwé déédéé ni, tàbí pé kì í fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ láti máàkì. Ìtọ́jú tí ó yẹ àwọn méjèèjì kò lè jọra, bẹ́ẹ̀ ìlà kẹta pè wọ́n ní ọgbọọgba.

Ibòmíràn tí ojú ti máa ń ṣìnà ni máàkì tí wọ́n pín dọ́gba, tí àwọn ọmọ ń pè ní áfárẹ́ẹ̀jì. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kíláàsì kẹrin kan tí ó ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ. Ó gba 41 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 36 nínú Ìṣirò, 58 nínú Yorùbá, 66 nínú sáyẹ́ǹsì, 78 nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, 88 nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, 80 nínú ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá, àti 81 nínú iṣẹ́ ọnà. Bí a bá ro ó pọ̀, 528 ni. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, 66 ni. Olùkọ́ a kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé náà pé ọmọ náà gbìyànjú, òbí a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ni ó ń gbé àwọn yòókù ró. Títí dé nǹkan bí kíláàsì kẹrin, ọmọ tí etí rẹ̀ mú lè fi àkọ́sórí gba 88 nínú ẹ̀kọ́ ìsìn láì lè dá ka ojú ewé kan nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn náà. Láti kíláàsì karùn-ún sókè, tí ìwé kíkà bá ti pọ̀, tí ìbéèrè sì ti gùn, kò ní rí ọ̀nà bá yọ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn òbí máa ń sọ pé ọmọ tí ó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fura sí ayé. Kò sí àdédé níbẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé èsì láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ní ti ipò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ipò kẹta láàárín ọmọ mọ́kànlá àti ipò kẹta láàárín ọmọ 60 kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ipò kìíní nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kàwé kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó gbé e lè kàwé. Bí wọ́n ti gbé ọmọ lọ sí kíláàsì tí ó tẹ̀lé e náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kì í dá ọmọ padà mọ́, yálà nítorí ìlànà tàbí nítorí pé òbí yóò kó ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ léraléra pé ní Nàìjíríà, nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé e, tàbí kí ó ṣe ìṣirò tí kò le. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni iye yìí dúró fún, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, ó sì kan àwọn tí kò sí ní ilé-ìwé rárá. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde nílé láràárọ̀. Báńkì Àgbáyé pẹ̀lú, láti ọdún 2019, ti mú ọmọ ọdún 10 gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n: bí ọmọ bá pé ọdún 10 tí kò lè ka ìtàn kúkúrú kan kí ó sì yé e, wọ́n ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí òṣì ìmọ̀ ń bá jà. Ọmọ ọdún 10 lọ́dọ̀ wa yóò wà ní kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Òṣùwọ̀n tí ilé lè gbé kalẹ̀ nìyẹn, kò sì gba owó.

Ẹ mú ìwé kíkà ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sì ní kí ó kà á sí yín létí. Ọmọ kíláàsì kejì kan lè ṣí ojú ewé tí àwòrán ajá àti bọ́ọ̀lù wà, kí ó nàró ṣánṣán, kí ó sì ka ìlà mẹ́fà láìdánudúró, pẹ̀lú ohùn orin tí gbogbo kíláàsì fi ń kà á. Ẹ wá fi ọwọ́ bo àwòrán náà, ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní àárín ìlà kẹrin, kí ẹ sì bi í pé kí ni èyí. Bí ojú rẹ̀ bá ń sá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé, tí ètè rẹ̀ sì ń mì jẹ́jẹ́ bí ó ti ń ka ìlà náà láti orí wá kí ó tó dé ibi tí ìka yín wà, á jẹ́ pé ó há ojú ewé náà sórí ni. Kò tíì kà á. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ọmọ náà, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Nínú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, olùkọ́ ní láti máa pè kí àwọn ọmọ máa gbà, ọmọ tí ó bá sì ní ìrántí tí ó dára yóò máa gbà á lẹ́nu rẹ̀ geere láì wo ìwé.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ ibi tí ó bá a dé. Láti ọdún 2005 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ti ń rán àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé pẹ̀lú bébà pélébé kan, tí wọ́n kọ lẹ́tà díẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú kan àti ìtàn kúkúrú kan sí. Ibi tí ọmọ bá ti dúró lórí bébà náà ni ipele tirẹ̀, kíláàsì yòówù kí ó wà. Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, lábẹ́ orúkọ LEARNigeria. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é nílé. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sórí bébà, kí wọ́n má tò bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n lórin: gb, ṣ, e, k, ọ, d, p, ẹ, j, t. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ilé, ata, ewúrẹ́, bàtà, ọjà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìpínrọ̀ kékeré bí èyí: “Bàbá ra àgbàdo ní ọjà. Ó gbé e fún ìyá. Òjò ti mú kí igi ìdáná tutù. Ìyá lọ yá sítóòfù lọ́wọ́ aládùúgbò wa.” Bí ọmọ bá kà á tán, ẹ bi í pé ta ni ó ra àgbàdo, kí ẹ sì bi í pé kí ló dé tí ìyá fi lọ yá sítóòfù. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ wà nínú ìpínrọ̀ náà ní gbangba. Ti èkejì, ọmọ ní láti so gbólóhùn méjì pọ̀ kí ó tó rí i. Ẹni tí ó bá dáhùn èkejì ti ń kàwé.

Bí ó bá jẹ́ ní lẹ́tà ni ó dúró sí, kò sí àǹfààní nínú kí a máa fi ìwé kíláàsì kẹrin fìtínà rẹ̀. Ìró lẹ́tà ni kí a padà sí, kì í ṣe orúkọ lẹ́tà nìkan. Bí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ìpínrọ̀ kò ṣeé kà, kíkà léraléra ni ó nílò, ìpínrọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ̀. Ìdí tí yíyára fi ṣe pàtàkì ni pé ọmọ tí ó ń fi agídí tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kí ó tó dé òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ìwé kíkà máa ń sọ nípa nǹkan bí ọ̀rọ̀ 45 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan gẹ́gẹ́ bí ibi tí òye ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà ń yàtọ̀ láti èdè dé èdè. Kò pọn dandan kí ẹ máa fi aago dúró ti ọmọ o. Etí yín ti tó láti mọ ẹni tí ó ń kà àti ẹni tí ó ń wúlẹ̀.

Ẹ ṣe bébà kejì ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ya èsì rẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu: àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń pe gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ìpínrọ̀ kan láìṣì í pè, bí ayékòótọ́, tí wọn kò sì lè sọ ohun kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀. Ojú wọn mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ èdè náà kò tíì wọ̀ wọ́n lára. Ìṣòro yìí kò jọ ti ẹni tí kò mọ lẹ́tà, kò sì yẹ kí a fi oògùn kan náà wò ó.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni ó ń da àwọn òbí láàmú jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì, a ní láti lé Yorùbá jáde nínú ilé. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ kejì, tí wọ́n fi ń wé wọn, kúrò lórí Yorùbá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Nígbà tí wọ́n gbé èsì wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ lápapọ̀, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì pa wọ́n lára. Ó yẹ kí n fi kún un pé wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn ní Yorùbá, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa, nítorí náà kì í ṣe pé èdè nìkan ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Láti ìgbà náà, ìjọba ti yí ọwọ́ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lè fara mọ́ ọn tàbí kí ẹ má fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí wọ́n pa fún kíláàsì kò dé yàrá yín. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá gba inú kíláàsì pátápátá, á jẹ́ pé ilé nìkan ni ó kù tí ọmọ ti lè rí èdè tí ó jinlẹ̀ fi ronú, kí ó bèèrè ìdí, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, kí ó jiyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí òbí bá wá gba èdè yìí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju “come and eat” àti “go and baff” lọ rọ́pò rẹ̀, kò fún ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti gba Yorùbá lọ́wọ́ rẹ̀. Àlọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ti pa tì nítorí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ń ṣe iṣẹ́ àkàyé gan-an: bí a bá dá ìtàn dúró níbi tí Ìjàpá ti fẹ́ wọ gàù, tí a sì bi ọmọ pé kí ni ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀, irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi í nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ìyá àgbà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ a máa rìn. Òbí lè wà lẹ́nu òwò ní òkè ọya tàbí ní Èkó, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ nínú agboolé. Ìyá àgbà yóò wí pé òun kò mọ ìwé, báwo ni òun ṣe fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó lè ṣe kò kéré. Kí ó ní kí ọmọ jókòó, kí ó ka ojú ewé kan sí òun létí, lẹ́yìn náà kí ó pa ìwé dé, kí ó wá sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ní Yorùbá. Bí ọmọ bá ń kálòlò, tàbí tí ìtàn náà kò ní orí tí kò ní ìdí, ìyá àgbà yóò mọ̀, nítorí òun mọ ìtàn tí ó dá múṣé ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Bí a bá wá nílò ẹni tí yóò wo bébà náà, ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní ilé-ìwé girama wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH sì kún àdúgbò Under G bámúbámú.

Ní ti ìṣirò, ìdí tí ó fi rú àwọn òbí lójú yàtọ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá kan tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata. Oníbàárà ra tòmátì ₦700 àti ata rodo ₦450, ó sì na ₦2,000 sí wọn. Kí ìyá tó yíjú, ọmọ ti ka ₦850 lé oníbàárà lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi í bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, yóò ní owó ọjà jẹ́ ₦1,150. Òun fi ₦50 lé e, ó di ₦1,200. Ó wá ku ₦800 kí ó tó di ₦2,000. Ní ọjọ́ kejì, nínú kíláàsì, wọ́n kọ 2,000 sókè, wọ́n kọ 1,150 sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. Ó kọ 1,150. Bí ó ṣe dé ibẹ̀ nìyí: òdo kúrò nínú òdo, òdo, 5 kúrò nínú òdo kò ṣeé ṣe, nítorí náà ó yí i po, ó yọ òdo kúrò nínú 5, ó kù 5, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1, ó wá yọ 1 kúrò nínú 2. Ọmọ tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ₦10 rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ kọ èsì tí ó túmọ̀ sí pé ṣéńjì ju ohun tí ó tọ́ lọ pẹ̀lú ₦300, kò sì fura, nítorí pé fún un, owó ni ti ọjà, àmì lásán ni ti inú ìwé.

Kì í ṣe ọmọ tiwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1985 nípa ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní títì. Nídìí ọjà wọn, nǹkan bí 98 nínú 100 ìṣirò tí wọ́n ṣe ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sínú bébà fún wọn láìsí owó àti ọjà nínú rẹ̀, wọn kò gbà ju nǹkan bí 37 nínú 100 lọ. Nítorí náà, òbí tí ó ń tajà kò ní láti kọ́ ọmọ ní ìṣirò tuntun kankan. Ohun tí ó kù ni pé kí ó ní kí ọmọ kọ ohun tí ó ti ṣe lórí sínú ìwé: 1,150, kí ó fi 50 kún un, kí ó fi 800 kún un, kí ó sì wò ó bóyá ó bá èyí tí olùkọ́ kọ́ ọ mu. Bí kò bá bá a mu, kí ó bi ara rẹ̀ pé èwo ni oníbàárà yóò gbà. Ìbéèrè kan yìí, “ṣé ó jọ ọ́?”, wúlò ju ojú ewé iṣẹ́ ogún lọ. Mo fẹ́ kó yé wa pé n kò sọ pé kí ọmọ máa kiri ọjà. Ọmọ tí ó gbé igbá lórí títí di aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní lókun láti kọ nǹkan kan sínú ìwé.

Ó ku àwọn nǹkan tí kò gba àlàyé púpọ̀. Kí ọmọ dé ilé-ìwé: bí ó bá pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ lọ́sẹ̀, nínú sáà ọ̀sẹ̀ méjìlá, ọjọ́ méjìlá ni ó ti pa jẹ, ní sáà mẹ́ta, ó di ọjọ́ 36, èyí tí ó ju ọ̀sẹ̀ méje iṣẹ́ lọ. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti dandan (UBE) ti ọdún 2004 tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ wà nílé-ìwé títí yóò fi parí JSS 3. Kí ó jẹun kí ó tó jáde, kí ó sì sùn ní wákàtí tí ó tó. Kí a sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ọmọ tí ó máa ń dìde lọ súnmọ́ pátákó, tàbí tí ó máa ń kọ ohun tí ó wà nínú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dípò ohun tí ó wà lójú pátákó, lè máà jẹ́ aláìgbọ́ràn. Ó lè jẹ́ pé kò ríran dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi í. Ní ti ẹgba nítorí máàkì, n kò rí ohun tí ó ń ṣe ju pé ó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi ìwé èsì pamọ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìkan ni n óò dúró sí díẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè ṣe é, ẹ má ṣe é fún un. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe ibi tí agbára rẹ̀ dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, tàbí kí ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ọ́, pé ibí yìí ni kò yé e. Olùkọ́ tí ó bá gba iṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ tọ́ yóò rò pé ẹ̀kọ́ náà ti yé ọmọ, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìrànlọ́wọ́ tí a fi ìfẹ́ ṣe yìí ni ó sábà máa ń bí 35 nínú 40 àti 18 nínú 60 tí mo mẹ́nu bà lókè.

Àwọn òbí tí ó bá rí i pé ọmọ ń fà sẹ́yìn máa ń kọ́kọ́ sáré wá lẹ́sìnnì. Èrò tèmi ni pé lẹ́sìnnì tí ó ń ṣe àtúnkà ohun tí wọ́n ṣe nínú kíláàsì kò ran ọmọ tí ìṣòro rẹ̀ wà ní kíláàsì méjì sẹ́yìn lọ́wọ́. Owó lásán ni, àárẹ̀ sì ni fún ọmọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ gbé bébà tí ẹ ṣe nílé fún olùkọ́ lẹ́sìnnì náà, kí ẹ ní ibi tí ó dúró sí rèé, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní òun kò lè sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa wá ẹlòmíràn. Ìsinmi oṣù Kẹjọ dára púpọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí iṣẹ́ kíláàsì tuntun tí yóò máa lé ọmọ.

Nígbà tí wọ́n bá sì wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ má dúró de ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ owó àti yunifọ́ọ̀mù yóò ti gba gbogbo àkókò. Ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, kì í ṣe ní òwúrọ̀ tí ọmọ 50 ń dúró dè é. Ẹ kí i dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn, bí ìyá tàbí bàbá kan bá sì wá láìjẹ́ pé ó wá jà, inú rẹ̀ yóò dùn. Ẹ má bi í pé báwo ni ọmọ mi ṣe ń ṣe sí, nítorí “ó ń gbìyànjú, mà” ni ẹ óò gbà bọ̀. Ẹ ní: “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, nínú ìwé kíkà, ṣé ó ń dá kà á, àbí ó ń bá wọn gbà á ni? Nínú ìṣirò, irú èwo ni ó máa ń ṣì? Kí ni ẹ máa fẹ́ kí a ṣe nílé láàárín báyìí sí ìsinmi kékeré?” Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ẹ gbà á sórí fóònù. Bí ìsinmi kékeré bá dé, ẹ padà lọ bá a pẹ̀lú bébà tuntun, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó bóyá ọmọ ti kúrò níbi tí ó wà.